Àlejò Kì í Ṣe Oníṣẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Físà Ìbẹ̀wò àti Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Kánádà



Ìbéèrè kan ni ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí. A ń gbọ́ ọ ní ẹnu àwọn ènìyàn wa nígbà gbogbo, pé: "Bí mo bá rí físà ìbẹ̀wò gbà lọ sí Kánádà, ǹjẹ́ mo lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ nígbà tí mo bá dé ọ̀hún?" Àwọn ẹlòmíràn kò tilẹ̀ béèrè mọ́. Alárinà kan ti dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ti ta ilẹ̀ bàbá wọn lórí ìdáhùn náà. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni a ṣe dìde lónìí. A kò wá láti dá ẹnikẹ́ni dúró ní ìrìn àjò rẹ̀, nítorí ìrìn àjò kì í ṣe ohun àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ẹni tí yóò lọ mọ ilẹ̀kùn tí ó ṣí, kí ó sì mọ èyí tí a ti tì, kí ó má baà fi orí gbá a. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àlejò àti ẹni tí ó wá dáko. Nígbà tí àlejò bá wọlé, a ó fún un ní omi mu, a ó tẹ́ ẹní fún un, a ó sì máa retí ọjọ́ tí yóò padà sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dáko ní ìlú ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, a ó sì fi ààlà hàn án. Bí àlejò bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ó gbé ọkọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lórí ilẹ̀ tí a kò fún un, onílẹ̀ yóò pè é lẹ́jọ́, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ènìyàn rere tó. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìpìlẹ̀ òfin Kánádà lórí ọ̀ràn yìí. Òfin náà ni èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2001 nípa àwọn tí ń wọ ilẹ̀ wọn àti àwọn asásálà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2002.

Ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn wa máa ń pò pọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni físà. Físà ìbẹ̀wò jẹ́ ìwé tí a lẹ̀ mọ́ inú ìwé ìrìnnà, tí ó fún ènìyàn láyè láti dé ẹnu ibodè Kánádà kí ó sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Èkejì ni àṣẹ ìdúró. Oníbodè ni ó ń fúnni ní èyí lẹ́yìn tí ó bá ti wo ìwé wa tí ó sì ti bi wá léèrè. Bí kò bá kọ ọjọ́ mìíràn sílẹ̀, oṣù 6 ni àlejò ní láti lò. Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ iṣẹ́, èyí tí ó yàtọ̀ pátápátá sí méjì tí ó ṣáájú.

Ẹ kíyè sí èyí dáradára, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti ṣì í lóye. Físà lè wà ní ipá títí di ọdún 10, bí ìwé ìrìnnà kò bá tètè kú ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tí ó bá rí ọdún 10 lára físà rẹ̀ a máa yọ̀, a sì rò pé a ti fún òun ní ọdún 10 láti gbé ní Kánádà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún wọ̀nyí jẹ́ ti lílọ àti bíbọ̀. Iye oṣù tí oníbodè bá fúnni ni ti gbígbé ibẹ̀. Bí oṣù wọ̀nyí bá fẹ́ pé, tí àlejò sì ní ìdí rere láti pẹ́ sí i, ó lè béèrè kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ó bá béèrè ní àkókò, ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò wà síbẹ̀ títí ìdáhùn yóò fi dé. Bí ọjọ́ bá ti kọjá lórí rẹ̀, ọjọ́ 90 ni òfin fi sílẹ̀ fún un láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ipò rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tí ó sọ àlejò di oníṣẹ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: "Kí ni a tilẹ̀ ń pè ní iṣẹ́?" Òfin wọn dáhùn pé iṣẹ́ ni ohunkóhun tí a bá gba owó ọ̀yà tàbí owó ìpín lé lórí. Ó sì fi kún un pé iṣẹ́ náà ni ohun tí ó bá ń bá àwọn ọmọ ilẹ̀ Kánádà àti àwọn olùgbé ibẹ̀ títí du àyè iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbá ilé ìtajà ní òru, tí a sì ń san owó fún un ní ọwọ́ láìsí àkọsílẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ẹni tí wọ́n ní kí ó wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ̀ kò tíì bọ́ nínú ewu, nítorí ipò tí ó wà ni ó yẹ kí wọ́n san owó fún ẹlòmíràn láti wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti àbúrò rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ó ń gbé ọmọ tí ó sì ń se ọbẹ̀, ọ̀ràn ẹbí ni èyí jẹ́. Kò sì sí ohun tí ó dí àlejò lọ́wọ́ láti bá agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Wíwá iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba àṣẹ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ìtàn tí ó ń ta ilẹ̀ bàbá ẹni yìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí kì í ṣe irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ti gbogbo ọ̀nà, tí ọkọ̀ òfúrufú kò sì fò mọ́ bí ó ti yẹ, ọ̀pọ̀ àlejò há sí Kánádà, àwọn agbanisíṣẹ́ sì ń wá ọwọ́ kò rí. Nítorí náà, ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Kánádà kéde ìlànà kan fún ìgbà díẹ̀, pé àlejò tí ó wà nínú ilẹ̀ wọn, tí ó sì rí ìpè iṣẹ́ tòótọ́ gbà, lè béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ láìjáde kúrò ní ìlú. Wọ́n ń sún òpin ìlànà náà síwájú lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí wọ́n fi sọ pé yóò dópin ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró di ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn náà. Lára ìdí tí wọ́n fi sílẹ̀ ni pé àwọn aṣebi kan ń fi ìlànà náà tan àwọn àjèjì, tí wọ́n ń mú wọn ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ.

Ẹ rí i pé ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ní ọdún 2022 lè di ìdẹ lónìí. Ẹni tí ó rí àṣẹ gbà nígbà náà kò purọ́ bí ó bá ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tí ó ń purọ́ ni alárinà tí ó mọ̀ pé a ti tilẹ̀kùn, tí ó sì ń ta kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, èyí ni pé kí ènìyàn jáde lọ sí ibodè Amẹ́ríkà, kí ó yí padà lójú kan náà, kí ó sì béèrè ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbodè Kánádà. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n ti fòpin sí èyí, àyàfi fún àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Kí wá ni òfin wí nísinsìnyí? Ó wí pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ó tó wọ ilẹ̀ náà. Àwọn tí kò nílò físà láti wọ Kánádà lè béèrè ní ẹnu ibodè nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà nílò físà, nítorí náà àyè yìí kì í ṣe tiwa. Láti inú Kánádà fúnra rẹ̀, àwọn kan nìkan ni òfin gbà láyè láti béèrè. Lára wọn ni ẹni tí ó ti ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ tàbí ìwé àṣẹ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, àti ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òmíràn ni ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tàbí olùgbé ibẹ̀ títí, ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún láti inú ilẹ̀ náà. Òmíràn sì ni ẹni tí ó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀, tí wọ́n ti gba ẹjọ́ rẹ̀ wọlé, tí kò sì ní ohun tí yóò fi jẹun bí kò bá ṣiṣẹ́. Àlejò lásán kò sí nínú wọn.

Bí a ti ka àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbáṣepọ̀ nìkan ti tó. Láti ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n ti dín àyè kù fún ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́. Irú ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́, tàbí irú iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe àti iye oṣù tí ó kù lórí ìwé rẹ̀, ni wọ́n ń wò báyìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìgbéyàwó ayédèrú kalẹ̀, tàbí kí ó pe ara rẹ̀ ní asásálà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lépa rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ìyà ń jẹ ní tòótọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí ó tọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí tí a fẹ́ là sílẹ̀ yìí. Agbanisíṣẹ́ ní Kánádà yóò kọ́kọ́ lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́, yóò sì fi hàn pé òun wá ọmọ ilẹ̀ náà sí iṣẹ́ yìí, òun kò rí. Bí wọ́n bá gbà fún un, wọn yóò fún un ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní LMIA. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí òfin kò béèrè ìwé yìí fún. Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ yóò mú ẹ̀dà ìwé náà àti ìwé àdéhùn iṣẹ́, tí yóò sì fi béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: LMIA kì í ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìwé agbanisíṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ láìní èkejì kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìgbálẹ̀.

Owó ìwé LMIA yìí jẹ́ dọ́là Kánádà 1,000 fún àyè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2014. Agbanisíṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ san án, òfin sì kọ̀ fún un láti gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá wí fún yín pé òun ní LMIA tí òun ń tà, ẹ̀rí wà lẹ́nu ara rẹ̀ pé olè ni. Kò sí ẹni tí ó ń fi ẹ̀tọ́ ta iṣẹ́. Ẹ sì tún fi èyí mọ́ ọn: ẹni tí ó bá ń gba owó láti fi ìmọ̀ràn gbani lórí ọ̀ràn ìwọ̀lú Kánádà gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò tí wọ́n gbà níbẹ̀, tàbí nọ́tárì ìpínlẹ̀ Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àjọ àwọn olùdámọ̀ràn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Kí a tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí a wá orúkọ náà níbẹ̀.

Ní báyìí a dé ibi tí ó le jù. Kí ni ó ń bá àlejò tí ó ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ? Èkíní, bí ó bá tilẹ̀ rí agbanisíṣẹ́ rere lẹ́yìn náà, òfin wí pé kí wọ́n má ṣe fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ títí oṣù 6 yóò fi kọjá láti ọjọ́ tí ó dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí òfin dárúkọ. Èkejì, wọ́n lè pa á láṣẹ pé kí ó jáde, kí ó má sì padà wọlé fún ọdún 1 láìgba àyè pàtàkì. Ẹ̀kẹta, bí ó bá purọ́ tàbí tí ó fi ohun tí ó yẹ kí ó sọ pamọ́, ọdún 5 ni ilẹ̀kùn yóò fi wà ní títì sí i. Ẹ má sì ṣe wí pé alárinà ni ó kọ irọ́ náà. Òfin ka irọ́ tí a fi ọwọ́ ẹlòmíràn pa sí wa lọ́rùn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé tí kò kà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ó ń dùn wá ju ìjìyà òfin lọ, òun náà ni ipò tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà níwájú ẹni tí ó gbà á. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé kò lè pariwo. Bí wọ́n bá san ìdajì owó rẹ̀ fún un, yóò gbà á. Bí wọn kò bá san nǹkan kan, yóò dákẹ́. Bí ẹ̀rọ bá gé e ní ìka, yóò fi aṣọ wé e, yóò sì máa bẹ̀rù ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Kánádà ti ṣe ìlànà kan pé òṣìṣẹ́ àjèjì tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi ìyà jẹ lè gba ìwé àṣẹ mìíràn tí yóò fi bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni náà. Ìlànà rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà fún? Ó wà fún ẹni tí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ so ó mọ́ ọ̀gá náà. Àlejò tí kò ní ìwé kankan kò lè dúró lábẹ́ òjìji igi yẹn. Ẹ̀yin ará, ìwé tí a ń pè ní ìdènà yìí náà ni apata òṣìṣẹ́.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò wí pé: "Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ kò sí nílé, lágbájá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti kọ́lé." A kò jiyàn pé ebi wà, a kò sì bú ẹni tí ó ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú. Lágbájá tí ó kọ́lé ni a ń rí. Ẹni tí wọ́n dá padà ní òru kì í wá sí ojúde láti ròyìn. Owó ilẹ̀ tí a tà kò padà. Ìyá tí ó yá owó ẹgbẹ́ àjọ fún ọmọ rẹ̀ yóò san án, ọmọ ìbáà wà ní Kánádà tàbí kí ó padà dé. Bí a bá ní owó tí ó tó láti fi ra irọ́, a ní owó tí ó tó láti fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan dáradára, kí a sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá agbanisíṣẹ́ láti ilé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹlòmíràn ń purọ́ láìnídìí. Ó ń rò pé bí òun bá jẹ́wọ́ pé òun yóò fẹ́ láti gbé Kánádà títí ní ọjọ́ iwájú, wọn yóò kọ físà fún òun. Òfin wọn fúnra rẹ̀ wí pé ìfẹ́ láti di olùgbé ibẹ̀ títí kò dí ènìyàn lọ́nà láti wọlé fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá ti lè dá wọn lójú pé yóò jáde nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwa ìjọ. Òfin Kánádà gbà kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìwàásù, ìdarí ìsìn, tàbí ìmọ̀ràn ẹ̀mí fún ìjọ kan ṣe é láìní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Àǹfààní ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Kò wà fún ẹni tí a kọ "olùṣọ́-àgùntàn" sí ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, tí ó sì ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ní ọjọ́ Ajé. Ìjọ tí ó bá fi òǹtẹ̀ rẹ̀ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́rìí èké. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn tòótọ́ tí yóò tẹ̀lé e ni yóò sì san gbèsè rẹ̀, nígbà tí oníbodè kò bá gba òǹtẹ̀ ìjọ náà gbọ́ mọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé rárá, físà ìbẹ̀wò kò fúnni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ nínú Kánádà, àfi fún àwọn tí òfin yọ sọ́tọ̀. Bí ẹ bá lọ bẹ ọmọ yín wò, ẹ lọ ní àlàáfíà, ẹ bẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì padà kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹ bá rí agbanisíṣẹ́ rere níbẹ̀, ẹ gba orúkọ àti ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ òfin rìn ín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí ó dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró, kí ó sì tètè wá agbẹjọ́rò tòótọ́. Kí ó má ṣe tún lọ bá alárinà tí ó kọ́kọ́ tàn án.

Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà rere fún àwọn ọmọ wa nílé àti ní ìdálẹ̀.